Ìgò Kékeré Inú Fírísà

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọmọ mi obìnrin wá kí mi ní Mowe. A jọ jókòó, à ń ṣa ẹ̀wà, ló bá tún bẹ̀rẹ̀. Ó ní, "Mummy, mi ò lè dárí ji àwọn èèyàn ilé àyẹ̀wò yẹn láéláé. Àwọn ló pa Daddy mi." Mo ní kó yéé sọ bẹ́ẹ̀. Ó ní kí ló dé tí òun ò ní sọ ọ́, ṣé wọn ò sọ ẹran ara bàbá òun nù ni? Mo tẹjú mọ́ ẹ̀wà, mo ń ṣa á lọ. Ìdí ẹ̀wà yẹn ni mo ti pinnu pé màá kọ ọ́ sílẹ̀, torí ó ti lé lọ́dún kan tí ẹnu mi ti ń kọ̀ láti sọ ọ́.

Mi ò kàwé púpọ̀. Ìwé mẹ́fà ni mo kà lábúlé wa, lọ́nà Ọ̀yọ́, kí wọ́n tó ní kí n lọ kọ́ṣẹ́. Ṣùgbọ́n orí mi kì í gbàgbé orúkọ. Ilé tí a gbé ní Ifọ̀, mo lè to orúkọ gbogbo ayálégbé ibẹ̀ fún yín láti yàrá àkọ́kọ́ títí dé ẹ̀yìnkùlé, tọmọ-tọmọ. N ò ní kọ wọ́n síbí. Àwọn kan ti kú, ọmọ wọn ń bẹ láyé. Ní ti ọkọ mi, mi ò pe orúkọ rẹ̀ mọ́ ọn lórí rí nígbà tó wà láyé, mi ò sì ní bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn tó ti lọ.

Wẹ́dà ni. Ifọ̀ la ti bẹ̀rẹ̀ ilé wa, ọmọ tí mo wí yìí kò tíì máa rìn nígbà náà. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó ń jó táǹkì ọkọ̀ ẹnì kan. Ẹni tó gbé e wá ní òun ti fọ̀ ọ́, àṣé bẹntiróòlù ṣì ṣẹ́ kù sínú rẹ̀. Iná bú jáde, ó gbá ẹsẹ̀ rẹ̀ ọ̀tún láti orúnkún dé ọrùn ẹsẹ̀. Wọ́n gbé e wálé lórí ọ̀kadà. Kí n tó délé láti ọjà, àwọn ará ilé ti pé lé e lórí. Ìyá yàrá kejì ti fọ́ ẹyin mẹ́ta sí i lẹ́sẹ̀. Ìyá yàrá kẹrin gbé ìgò àdí dání, ó fẹ́ dà á lé ẹyin.

"Ẹyin ló ń fa iná jáde lára!"

"Ta ló sọ fún ọ? Àdí ni. Nígbà tí omi gbígbóná dà sí mi láyà, kí ni wọ́n fi pa mí lára? Ṣé ẹyin ni?"

Ibi tí wọ́n ti ń fà á ni nọ́ọ̀sì tó ń gbé yàrá kẹfà ti wọlé láti ibi iṣẹ́. Ó wo ẹsẹ̀, ó wo àdí. Ó ní, "Ẹyin rèé, epo rèé, ó ku iyọ̀ àti àlùbọ́sà. Ṣé ẹ fẹ́ dín ọkọ ọlọ́kọ ni?" Ọkọ mi tó ń joró pàápàá rẹ́rìn-ín.

Omi kànga ló ní kí a máa pọn wá. Ó ń da omi náà sí ẹsẹ̀ náà wọ́ọ́rọ́wọ́, ó pẹ́ tó kí ìrẹsì jinná lórí iná. Lẹ́yìn náà ló mú ọwọ́ ọkọ mi fúnra rẹ̀, ó nà án gbalaja sókè ojú ibi tó jóná náà, kò jẹ́ kó kàn án, ó ń sún un láti ibi kan dé ibòmíràn. Ó ń kà. Mo bi í pé kí ló ń ṣe.

Ó ní, "Àtẹ́lẹwọ́ ẹni tó jóná la fi ń wọn iná. Tèmi ò wúlò fún un, tìrẹ náà ò wúlò. Bí o bá pín gbogbo ara èèyàn sí ọ̀nà ọgọ́rùn-ún, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ pẹ̀lú àwọn ìka rẹ̀ jẹ́ ẹyọ kan." Ó kà á dé mẹ́rin. Ó ní bó bá ṣe ti fífẹ̀ ni, kò burú jù. Ó ku ti jíjìn.

Ó wá mú abẹ́rẹ́ tuntun jáde nínú báàgì rẹ̀. Ó fi kan ẹ̀gbẹ́ ẹsẹ̀ náà, níbi tó pupa tó sì ti lé ròrò. Ọkọ mi ké tòò. Inú nọ́ọ̀sì dùn. "Ẹ pariwo dáadáa! Ìyẹn ló dáa." Ó sún un wá sí ojúgun. Ibẹ̀ kò pupa, kò lé ròrò. Ó funfun, ó sì gbẹ, bí pọ̀nmọ́ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fá. Ó gún un níbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó gún un lẹ́ẹ̀kejì.

Ọkọ mi ní, "Ẹ gún un bó ṣe wù yín, Sista. Ibí ò tilẹ̀ dùn mí."

Nọ́ọ̀sì ò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó ní, "Bàbá, ibi tó ń dùn yín ò bà mí lẹ́rù. Ibẹ̀ á san. Ibi tí ò dùn yín yìí, iná ti jẹ ohun tó yẹ kó sọ fún yín pé ó ń dùn." Ó ní kí a lọ sí ọsibítù ńlá, kí wọ́n bu awọ itan rẹ̀ lẹ̀ mọ́ ojúgun náà, nítorí awọ ibẹ̀ ò ní lè dá hù dáadáa mọ́.

A ò lọ. Ọkọ mi ní ibi tó ń dun òun ló yẹ kí wọ́n tọ́jú, èyí tí ò dùn, kí ni wọ́n fẹ́ ṣe sí i? Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí létí. Mo gbè é lẹ́yìn.

Ẹsẹ̀ náà jinná, bí a bá lè pe ìyẹn ní jíjinná. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ọdún kan. Awọ tó bo ojúgun náà ń dán, ó sì fún un bí aṣọ tí wọ́n rán kéré. Bó bá ti lóṣòó ti iṣẹ́ pẹ́, á là. Á san. Á tún là. A kó kúrò ní Ifọ̀ wá sí Mowe, ó ṣí ṣọ́ọ̀bù sí Asese létí ọ̀nà márosẹ̀, èmi ra fírísà, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ta ẹja yìnyín: títù, kòtè, ṣáwá, pańlá. Láti ìgbà náà ni kò ti sí ẹni tó ń pè mí ní ohun mìíràn ju Ìyá Ẹlẹ́ja lọ, òun náà ń pè mí bẹ́ẹ̀. Ọmọ wa dàgbà, ó lọ sílé ọkọ l'Ékòó.

Ìgbà tó wá là tí kò san mọ́, a ò kọ́kọ́ ka á sí. A ń tú kápúsù sí i. A ń fi omi iyọ̀ fọ̀ ọ́. Ó di egbò àdáàjinná. Etí rẹ̀ wá ń nípọn, ó ń yí síta bí etí abọ́ tánganran, ó le bí ẹni fọwọ́ kan gògóńgò. Òórùn dé. Ọkọ mi bẹ̀rẹ̀ sí í jókòó sẹ́yìn ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ọmọ wa ló fi tipátipá gbé wa lọ sí ilé ìwòsàn kékeré kan ní Ibafo.

Dókítà ibẹ̀ kéré lọ́jọ́ orí, obìnrin ni, ó kúnlẹ̀ kí wa kó tó wọ ìbọ̀wọ́. Ó bi ọkọ mi nípa iná ọjọ́sí, ó bi í bí ó ti pẹ́ tó tí egbò náà ti ṣí, ó fọwọ́ tẹ etí rẹ̀ yíká. Ó ní, "Bàbá, egbò tó bá jáde lójú àpá iná àtijọ́, tí kò sì san, a kì í fi ojú lásán wò ó. A máa gé díẹ̀ níbẹ̀, wọ́n á lọ yẹ̀ ẹ́ wò."

Ọkọ mi fa ẹsẹ̀ rẹ̀ sẹ́yìn. "Wọ́n ní bí irin bá ti kan irú rẹ̀, ó jí nìyẹn. Á ràn káàkiri ara."

"Àwọn wo ló sọ bẹ́ẹ̀, Bàbá?"

"Gbogbo ayé."

"Gbogbo ayé náà ló ń gbé irin wá sọ́dọ̀ yín. Ẹ̀yin tí ẹ ti ń fi irin jẹun látàárọ̀ ọjọ́, ẹ wá ń sá fún irin kékeré tọwọ́ mi?" Ó ṣàlàyé pé irin kọ́ ló ń mú un ràn, ìfalẹ̀ ni. Ó ní etí egbò náà lòun ti máa gé e, kì í ṣe àárín, nítorí àárín ti kú, kò ní òótọ́ kankan láti sọ.

Etí tó wí yìí ló mú ọkọ mi gbọ́ ọ. Ó yíjú sí mi, ó ní, "Òótọ́ ló sọ. Bí mo bá fẹ́ mọ ibi tí ìpẹtà dé lára páànù ọkọ̀, etí ọ̀dà ni mo ti ń ha á. Àárín á ti jẹ tán, kò sí ohun tí wàá rí níbẹ̀." Ó na ẹsẹ̀ fún un.

Dókítà gún un lábẹ́rẹ́ tó mú kí ojú ibẹ̀ kú tipiri. Ó gé e. Ohun tó gé jáde kò ju ẹyọ ẹ̀wà kan lọ, ó ní díẹ̀ lára awọ tó dáa, ó ní díẹ̀ lára èyí tí ò dáa. Ó gán ojú ibẹ̀ pa. Ó ju ẹran náà sínú ìgò kékeré kan tó ní omi tó ń ta lójú, ó dé e pinpin, ó kọ orúkọ ọkọ mi sára rẹ̀. Ó gbé e lé mi lọ́wọ́. Bí wọ́n ti ń ṣe é níbí nìyẹn, aláìsàn fúnra rẹ̀ tàbí ará ilé rẹ̀ ló ń gbé e lọ. Ilé àyẹ̀wò náà wà l'Ékòó.

Ó ní, "Mama, ẹ má ṣí i o. Ẹ má da omi inú ẹ̀ nù. Ẹ má sì gbé e sínú oòrùn, kó má gbóná."

Mo gbọ́ gbogbo rẹ̀. Mi ò ṣí i, mi ò da omi rẹ̀ nù. Ọjọ́ Ẹtì ni, ọjọ́ tí wọ́n ń ṣe ìsìn oṣooṣù ní Kámpù, ibùdó ìsìn ńlá tó wà lọ́nà wa. Ọkọ̀ ti dí ojú ọ̀nà márosẹ̀ pa, kò sí èyí tó ń sún kúrò lójú kan. Ọ̀pá ọwọ́ ni ọkọ mi ń tẹ̀. Mo ní a ò lè lọ s'Ékòó lónìí, ilé àyẹ̀wò ò sì ní ṣí lọ́la àti lọ́tunla. Ọjọ́ Ajé ni mo máa gbé e lọ.

Mo wá ń bi yín, ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí. Ẹni tó ti ń ta ẹja láti ogún ọdún, tí wọ́n bá gbé ẹran lé lọ́wọ́ pé kó má gbóná, ibo ló fẹ́ gbé e sí? Mi ò tilẹ̀ rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Mo wé ìgò náà nínú ọ̀rá mẹ́ta, mo ṣí fírísà, mo gbé e lé orí títù ní igun ọ̀tún. Mo ṣí fírísà náà lọ́jọ́ Sátidé láti ta ẹja, mo rí orúkọ ọkọ mi láàrin yìnyín. Inú mi dùn pé ó wà dáadáa. Lọ́jọ́ Ajé, mo bu yìnyín sínú kúlà, mo gbé ìgò náà lé e, mo wọkọ̀ lọ.

Ọ̀gbẹ́ni tó gbà á lọ́wọ́ mi nílé àyẹ̀wò ti dàgbà. Ó ṣí kúlà, ó wo yìnyín, ó wò mí. Ó ní, "Mama, inú kí lẹ gbé e sí láti ọjọ́ Ẹtì?" Mo fi ìgbéraga sọ fún un. Ó mi orí, ó ní òun máa gbìyànjú, kí n padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.

Mo padà lọ. Ó ní kí n jókòó. Ó bi mí bóyá mo ti gbé tòmátò sínú fírísà mi rí. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní, "Bó bá yọ́, báwo ló ṣe ń rí?" Mo ní omi lásán ló ń dà, kò ní ara mọ́. Ó ní, "Bẹ́ẹ̀ náà ni yìnyín ṣe sí èyí. Omi inú ìgò yẹn nìkan ti tó o, kò fẹ́ yìnyín, kò fẹ́ nǹkan kan. Mi ò lè fi ohun tí mo rí yìí sọ pé bàbá ní àrùn tàbí kò ní. Ẹ ní kí dókítà gé òmíràn. Ẹ má fi falẹ̀ o, Mama."

Ó fara balẹ̀ sọ ọ́. Kò pariwo mọ́ mi. Bóyá ká ní ó pariwo ni, ìbínú ì bá jẹ́ kí n sọ òótọ́ nílé.

Ọkọ mi jókòó síwájú ilé nígbà tí mo dé, ó gbé ẹsẹ̀ lé àpótí. "Kí ni wọ́n wí?"

Mo ní, "Wọ́n ní wọn ò rí i mọ́. Wọ́n ti sọ ọ́ nù."

Mi ò mọ ibi tó ti jáde. Gbogbo ọ̀nà tí mo ti ń bọ̀, òótọ́ ni mo ń tò sẹ́nu. Ìgbà tí mo rí i pé ó ń wò mí bẹ́ẹ̀, mo rí ẹsẹ̀ náà, mo rántí bí abẹ́rẹ́ ṣe wọlé, mi ò lè sọ pé èmi ni mo bà á jẹ́.

"Sọ ọ́ nù? Ẹran ara mi? Ṣé owó ẹyọ ni, tó fi já bọ́?" Ó dìde dúró láìtẹ ọ̀pá. "Ẹnì kankan ò tún ní gé nǹkan kan lára mi mọ́. Wọn ò mọ ohun tí wọ́n ń ṣe."

Irọ́ náà sì fìdí múlẹ̀. Ọmọ wa gbọ́, ó fẹ́ lọ bá wọn jà, mo dá a dúró, mo ní kó fi wọ́n sílẹ̀ fún Ọlọ́run. Dókítà pè lórí fóònù lẹ́ẹ̀mẹta pé kó padà wá. Pásítọ̀ wa wá sílé. Ọkọ mi á ní, "Kí wọ́n wá tèmi rí ná, kí wọ́n tó béèrè fún òmíràn." Èmi á wà níbẹ̀, màá máa gbé omi fún àlejò mu. Oṣù mẹ́rin. Egbò náà fẹ̀ débi tí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ ò fi lè bò ó mọ́. Mo mọ̀, torí mo gbé ọwọ́ rẹ̀ sókè rẹ̀ nígbà kan tó sùn lọ́sàn-án, mo wọ̀n ọ́n bí nọ́ọ̀sì Ifọ̀ ti kọ́ mi.

Láàárọ̀ ọjọ́ Sátidé kan, mo ń fọ egbò náà, ó ní kí n wo kókó kan fún òun níbi tí itan ti pàdé ara. Mo fọwọ́ kàn án. Ó le, ó tó èkùrọ́.

Mo bi í, "Ṣé ó ń dùn yín?"

"Rárá. Kò dùn mí rárá."

Kànìnkànìn tí mo fi ń fọ egbò bọ́ sílẹ̀ lọ́wọ́ mi. Mo kúnlẹ̀ síbẹ̀, mo sọ fún un. Mo sọ ti fírísà, mo sọ ti kúlà, mo sọ ti tòmátò. Mo ní ẹnikẹ́ni ò sọ nǹkan kan nù.

Mo ń wo ilẹ̀. Nígbà tí mo máa gbọ́ ohùn rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín.

"Ìyá Ẹlẹ́ja. O wá to èmi náà mọ́ kòtè."

"Orí títù ni mo gbé yín lé."

"Títù kẹ̀. O kúkú bọ̀wọ̀ fún mi." Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, ìgbà tó yá mi ò mọ̀ bóyá ẹ̀rín ni mọ́. Ó ní, "Èmi rò pé àwọn tí mo fi ara mi fún kò kà mí sí èèyàn ni. Ká ní o sọ fún mi pé ìwọ lo ṣèèṣì, ọjọ́ kejì ni ǹ bá ti padà lọ. Ṣé ìwọ ni mo máa bínú sí?" Ó na ọwọ́ sí mi kí n dìde. "Mọ́ńdè, a máa lọ."

A lọ. Dókítà gé òmíràn ní etí. Lórí itan mi ni ìgò náà wà láti Ibafo dé Èkó, lọ́jọ́ náà gan-an, nínú àpò bébà, láìsí yìnyín. Ọ̀gbẹ́ni náà gbà á, ó kàn fọwọ́ tẹ ìdérí rẹ̀ wò, ó ní, "Ẹ ṣeun, Mama." Ọ̀sẹ̀ kejì ni èsì jáde. Jẹjẹrẹ awọ ara ni, lójú àpá iná. Kókó itan yẹn, òun náà ni.

Mo tẹ̀lé dókítà jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo bi í pé ká ní oṣù mẹ́rin sẹ́yìn ńkọ́. Ó kéré ju ọmọ mi lọ, kò sì tàn mí. Ó ní, "Mama, mi ò mọ̀. Ó lè jẹ́ pé ẹsẹ̀ nìkan ló wà nígbà yẹn. Ó sì lè jẹ́ pé ó ti gòkè." Ibi tí mo wà títí dòní nìyẹn, láàrin ọ̀rọ̀ méjèèjì.

Wọ́n gé ẹsẹ̀ náà. Ó lo àsìkò ọyẹ́ kan pẹ̀lú wa, ó ń jókòó síwájú ṣọ́ọ̀bù ní Asese, ó ń pàṣẹ fún àwọn tó ń jórin. Nígbà tí òjò bẹ̀rẹ̀, ó lọ. Kò sọ fún ọmọ wa. Ìgbà kan tí ọmọ náà ń ṣépè fún ilé àyẹ̀wò níwájú rẹ̀, ó wò mí, ó ní, "Fi wọ́n sílẹ̀, àwọn náà ń ṣiṣẹ́ wọn." Ó fi ìyókù sílẹ̀ fún mi láti sọ.

Ọmọ mi, ìwọ ni mo kọ èyí fún, kí àwọn ẹlòmíràn tó kà á. Ọ̀gbẹ́ni ilé àyẹ̀wò yẹn ò ṣẹ̀ ọ́, kò sì ṣẹ bàbá rẹ. Nínú fírísà tí o ṣí lọ́sẹ̀ tó kọjá láti mú omi, ní igun ọ̀tún, níbi tí o ti bi mí pé kí ló dé tí mi ò to ẹja síbẹ̀, ibẹ̀ ni ìgò náà wà fún ọjọ́ mẹ́ta. Èmi ni mo gbé e síbẹ̀. Irọ́ tí mo pa lẹ́yìn ìyẹn, èmi náà ni mo pa á. Bí o bá tún ń bọ̀ wá ṣa ẹ̀wà pẹ̀lú mi, màá wà nílé.